Ọmọ Kan Ni Mò Ń Gbọ́

Ibọ̀sẹ̀ ni mò ń wọ̀ fún ìyá arúgbó kan nílé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Sydenham nígbà tí omi ọmọ ya lára mi. Oyún mi kò tíì pé oṣù méje. Mo kọ́kọ́ rò pé ife omi ìyá náà ló dànù sí mi lẹ́sẹ̀, àfi ìgbà tí mo wo orí tábìlì tí mo rí ife náà tó dúró gbọin. Ìyá yìí kì í sábà rántí orúkọ ọmọ tó bí, ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó na ọwọ́, ó tẹ aago tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú títí àwọn èèyàn fi dé. Nígbà tí ọkọ̀ ọsibítù ń gbé mi lọ, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ti wọ ibọ̀sẹ̀ fún un.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ti gbé ọmọ méjì jáde. Táyé, ọkùnrin, ló ṣáájú. Kẹ́hìndé, obìnrin, tẹ̀lé e. Mi ò gbọ́ ẹkún ìkankan nínú wọn. Ohùn àwọn dókítà ni mo ń gbọ́, àti ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré. Gàníyù ọkọ mi dúró sí igun yàrá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bi í pé ṣé wọ́n wà láyé. Ó ní wọ́n wà láyé, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fi kẹ̀kẹ́ tì mí lọ wò wọ́n. Inú àpótí onígíláàsì ni kálukú wọn wà, wáyà sì lọ́ mọ́ wọn lára bí ìtàkùn. Awọ wọn pupa, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán. Àtẹ́lẹwọ́ mi kan lè gba Kẹ́hìndé láti orí dé ìdí. Nọ́ọ̀sì ní kí n ki ọwọ́ bọ ihò tó wà lára àpótí, kí n kàn gbé ọwọ́ lé ọmọ náà jẹ́ẹ́, kí n má fi pa á lára, torí awọ rẹ̀ kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọ tó wà nínú àpótí. Mo kàn kí wọn. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mà tètè dé."

Ká ní Ìwó ni mo bí wọn sí ni, ilé ì bá ti kún. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbejì kì í ṣe ọmọ ìyá wọn nìkan. Ẹni tí kò bá rí ọmọ gbé á gbé omi kaná; ẹni tí kò bá rí omi gbé kaná á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa kí àwọn tó ń wọlé. Ní London, èmi àti Gàníyù la wà níbẹ̀, àti àwọn ẹ̀rọ tó ń dún.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Peckham. Gàníyù, tó ti ṣáájú mi dé, mú mi rìn gba Rye Lane, ẹnu sì yà mí. Mo gbọ́ Yorùbá kí n tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣu wà níta ṣọ́ọ̀bù, panla wà, epo wà nínú jálá. Obìnrin kan ń ná ẹja gbígbẹ bí ẹni pé ọjà Odò-Orí ní Ìwó ló wà. Mo ní ṣé ibí yìí náà ni wọ́n ń pè ní òkè òkun. Gàníyù rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúró kí ilẹ̀kùn tì ná. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi nígbà yẹn. Ó yé mi nígbà tó yá. Ìta ni Ìwó wà. Tí a bá ti gun àtẹ̀gùn dé fúláàtì wa, tí ilẹ̀kùn ti tì, kò sí ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn tọrọ iyọ̀. Mo lè wà nínú ilé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má lanu, bí kò ṣe pé mo bá kírun. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ní Sydenham, inú mi dùn, kì í ṣe torí owó nìkan. Ó kéré tán, èmi náà á rí ẹni kí pé ẹ kú àárọ̀.

Ó wá jẹ́ pé ọsibítù di ilé wa. Táyé tètè gbọ́n. Ó kúrò lórí ẹ̀rọ èémí, ó mu wàrà, ó sanra díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ní ká máa gbé e lọ sílé. Ó yẹ kí n yọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì yọ̀, ṣùgbọ́n mo ń wẹ̀yìn bí mo ṣe ń gbé e jáde, torí Kẹ́hìndé ṣì wà nínú àpótí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ túùbù tó wà lọ́fun rẹ̀ pé kó dá mí, kì í pẹ́ tí wọ́n á tún fi dá a padà. Látọjọ́ yẹn ni ara mi ti pín sí méjì. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ Táyé, wàrà á máa jò lọ́mú mi nítorí Kẹ́hìndé. Tí mo bá jókòó ti Kẹ́hìndé, á máa ṣe mí bí ẹni pé mo ń gbọ́ ẹkún Táyé ní gbọ̀ngán.

Lọ́jọ́ kan, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pè wá jókòó. Ó ní túùbù tó ti pẹ́ lọ́fun ọmọ náà ló dá egbò síbẹ̀, egbò náà jinná, ó sì fún ọ̀nà èémí rẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà náà kò ju igi ìgbálẹ̀ lọ mọ́. Ó ní kó tó lè kúrò lórí ẹ̀rọ, kó sì bá wa lọ sílé, àwọn á dá ihò sí i níwájú ọrùn, wọ́n á fi túùbù kékeré kan síbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa mí. Ṣùgbọ́n èémí tó bá ń gba ọrùn jáde kì í dé ibi tí ohùn wà. Ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sunkún, a ò ní gbọ́ ọ.

Gàníyù bi í pé ṣé títí ayé ni. Dókítà ní òun kò fẹ́ ṣe ìlérí tí òun kò lè mú ṣẹ. Ọ̀fun ọmọ máa ń dàgbà, tó bá sì tóbi tó, wọ́n lè ṣí ọ̀nà náà. Gàníyù dìde, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i látẹnu ọ̀nà tó gbé iwájú orí ti ògiri. Nígbà tó padà wọlé, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mí ná. Ọ̀rọ̀ á bá a níbẹ̀."

Wọ́n kọ́ àwa méjèèjì ní iṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ ká gbé e lọ. A kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ kékeré fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò nínú túùbù, bí wọ́n ṣe ń tú okùn tó dè é mọ́ ọrùn, bí wọ́n ṣe ń yọ èyí tó ti dí, tí wọ́n ń ki tuntun bọ̀ ọ́. Ara ọmọláńgidi la kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, ká tó ṣe é fún Kẹ́hìndé gan-an. Gàníyù, tó máa ń gbé àpótí tó wúwo láti àárọ̀ nílé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n bí ewé. Nọ́ọ̀sì wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa tó wọ̀ mí lára: a ò gbọ́dọ̀ fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà, kódà kó jẹ́ ìgbà tí a fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nù nísàlẹ̀.

Bó ṣe délé nìyẹn, tòun ti báàgì irinṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ. Iṣẹ́ mi ní Sydenham sì parí síbẹ̀.

Ọmọ mìíràn, etí lèèyàn fi ń ṣọ́ ọ. Èèyàn lè wà ní kíṣíìnì, kó mọ̀ pé ọmọ ti jí ní yàrá. Ojú ni mo fi ń ṣọ́ Kẹ́hìndé. Ẹnu rẹ̀ á là, ojú rẹ̀ á fún, omi á máa dà lójú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á máa mì, ilé á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Tí mo bá kẹ̀yìn sí i, mi ò lè mọ̀. Mo tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà láìwo ọ̀bẹ. Nígbà tó gbọ́n díẹ̀ sí i, òun náà wá ọgbọ́n tirẹ̀. Á máa fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ gbì, gbì, gbì, títí n ó fi yíjú. Táyé náà sì wá ń gbè é. Tó bá ti rí i tí Kẹ́hìndé lanu tó ń sunkún, òun ni yóò figbe ta. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń ká mi lára, pé ọmọ kan ló ń ké fún méjì.

Ohun tó le jù nígbà náà ni pé mi ò lè jáde. Gàníyù á ti lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tó bá sì dé lọ́sàn-án, oorun ló ń kùn ún. Mo ń gbọ́ ìró Rye Lane láti ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ mi kò sì débẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàláátù ní mọ́ṣáláṣí, Àǹtí Sídì, tí wọ́n ń ta iṣu àti epo ní Rye Lane, máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún wa. Lọ́jọ́ kan wọ́n jókòó, wọ́n wò mí títí, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni oòrùn bá mi lára kẹ́yìn. Mo ní mi ò rántí. Wọ́n tún bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n kọ́ wa ní ọsibítù, ṣé ó ṣòro. Mo ṣàlàyé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ bá nọ́ọ̀sì náà.

Àǹtí Sídì bẹ̀rù ju Gàníyù lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́rùn Kẹ́hìndé, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń ka "Bísímíláì" lábẹ́ ẹnu títí ó fi parí. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó sú wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ́ sí ọmọ náà, wọ́n ní ìyá àgbà rẹ̀ ni àwọn.

Ọjọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ náà tán, wọ́n lé mi jáde nílé lọ́sàn-án gangan. Mi ò mọ ibi tí n ó lọ. Mo rìn dé ibùdókọ̀ nítòsí Peckham Rye, mo jókòó. Bọ́ọ̀sì ń dé, wọ́n ń lọ, mi ò wọ ìkankan. Mo kàn ń wo àwọn èèyàn tó ń kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún á kọjá, mi ò rò pé mo lè gbàgbé bí ìjókòó yẹn ṣe dùn tó.

Màámi ní Ìwó ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ihò sí Kẹ́hìndé lọ́rùn, Bùrọ̀dá Làtí, ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ̀ mí pé kí n má tíì sọ fún wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ ihò ọrùn kò dáa létí àgbà, kí n jẹ́ kí ara ọmọ le díẹ̀ ná. Bí mo ṣe ń fi fọ́tò Kẹ́hìndé tí mo fi aṣọ wé dé àgbọ̀n ránṣẹ́ nìyẹn. Tí Màámi bá pè, ohùn nìkan la fi máa ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé fídíò.

Wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ. Ìgbà kan wọ́n ní, "Ọmọ kan ni mò ń gbọ́." Mo ní Kẹ́hìndé ń sùn. Ìgbà mìíràn wọ́n tún sọ ọ́, mo ní ó ń jẹun. Wọn ò bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbọ́ tí wọ́n ní kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn bọ́ síta. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì. Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àgbà ni mí. Tí Kẹ́hìndé bá ti rìnrìn àjò, sọ fún mi."

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Àwọn àgbà kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. Mi ò mọ iye ọjọ́ tí Màámi ti fi gbé èrò yẹn sínú, tí wọ́n ń pè mí, tí wọ́n ń bèèrè àwọn ọmọ, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún méjèèjì, tí wọ́n sì ti sin ọ̀kan nínú ọkàn wọn. Mo gbé fóònù náà kúrò létí, mo tan fídíò. Mo gbé Kẹ́hìndé sórí ẹsẹ̀ mi, mo sì tú aṣọ ọrùn rẹ̀.

Màámi wò ó. Wọ́n sún mọ́ fóònù débi pé ojú wọn kan ṣoṣo ni mò ń rí.

"Ṣé ibẹ̀ ló gbà ń mí?"

"Ibẹ̀ ni, Màámi."

"Ṣé ó ń dùn ún?"

"Kò dùn ún, mà."

Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọrùn náà. Wọ́n fi etí sí i. Èémí tó ń gba túùbù wọlé jáde máa ń dún fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, omi ti bọ́ sí ojú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ, pé ó ń mí bí ẹni tó ń fẹ́ná, ẹni tó bá sì ń fẹ́ná, oúnjẹ ló fẹ́ sè. Wọ́n wá pe Bùrọ̀dá Làtí wọlé. Wọ́n ní kó gbọ́ o, irọ́ ló máa ń mú ẹ̀jẹ̀ àwọn ru, òótọ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Látọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè, Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè, wọ́n á sì fetí sí èémí rẹ̀ kí wọ́n tó kí èmi.

Ìgbà òtútù mú ìdààmú tirẹ̀ wá. A ń lọ rí dókítà lọ́jọ́ kan, èmi àti àwọn méjèèjì, nínú bọ́ọ̀sì. Ikọ́ ti ń ṣe Kẹ́hìndé láti ìjẹta. Bí a ṣe dé Elephant and Castle, mo rí i tó ń fi gìgísẹ̀ gbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń dúdú. Mo tan ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, mo ki rọ́bà rẹ̀ sínú túùbù, kò wọlé. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí i pa. Mi ò rántí pé mo pariwo, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì dúró. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé Táyé lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo tẹ́ Kẹ́hìndé sórí ìjókòó, mo gé okùn ọrùn rẹ̀, mo fa túùbù náà yọ, mo ki tuntun bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ó wú ikọ́ kan, àyà rẹ̀ gbé sókè, àwọ̀ sì padà sí ètè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Obìnrin tó gbé Táyé bi mí bóyá nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ní rárá o, ìyá rẹ̀ ni mí.

Wọ́n dá wa dúró sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Àrùn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó padà sórí ọ́síjìn, ó rù, ìjókòó tó ti ń dá jókòó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a fi padà sílé, bí ọmọ tuntun ni a tún ṣe ń gbé ìrọ̀rí tì í. Táyé ti ń rìn káàkiri ilé nígbà yẹn. Yóò gbé nǹkan ìṣeré rẹ̀ wá, yóò tò ó yí Kẹ́hìndé ká, yóò sì jókòó sí àárín rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ìgbà wo la máa padà sílé. Wọ́n ní gbogbo wàhálà yìí, láìsí ìyá, láìsí ẹbí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dárúkọ ọdún kan. Mi ò dárúkọ ọdún mọ́. Ìlú tí wọ́n bí mi sí kò yí padà, òun náà ni mo máa ń rí lójú àlá. Ṣùgbọ́n ní Peckham, ìyá oníṣu kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ túùbù ọmọ mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń dúró kí n fi ara balẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ wọlé tán. Mi ò lè sọ pé ibí ni ilé. Mi ò sì lè sọ mọ́ pé kì í ṣe ilé.

Ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ohùn ni Bímpé. Peckham níbí ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù sì ni láti kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ó ṣe gbọ́ orúkọ Kẹ́hìndé ló yí sí Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò ní òkè kò ní ilẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé, "Mummy Kẹ́hìndé, ṣé ọkọ̀ yín ń bọ̀?" Mo ní a ò ní ọkọ̀, bọ́ọ̀sì la wọ̀ wá. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé wa pé ọkọ mi ló ń bèèrè. A rẹ́rìn-ín títí tí Kẹ́hìndé fi ń bá wa rín tirẹ̀, láìsí ohùn.

Bímpé ní ìdérí kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí ẹnu túùbù. Ó máa ń jẹ́ kí èémí wọlé, tí ọmọ bá wá fẹ́ mí jáde, á pa dé, kí èémí lè gba ọ̀fun kọjá, kó dé ibi tí ohùn wà. A dán an wò. Kẹ́hìndé mí sínú, kò lè mí síta. Ojú rẹ̀ yọ, ó pọ́n, ó di aṣọ mi mú. Kíá ni Bímpé yọ ọ́. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Ẹ má worry, Mummy. It's not yet time. Ọ̀nà yẹn ṣì tight." Mo dá a lóhùn pé kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń sunkún.

Nígbà tí ooru dé, tí ó ti sanra padà, àwọn dókítà ní ó ti tó. Wọ́n mú egungun rírọ̀ díẹ̀ láti ìhà rẹ̀, wọ́n fi mú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, Màámi gbààwẹ̀ ní Ìwó. Àǹtí Sídì dúró ti Táyé. Gàníyù àti èmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ìka ọwọ́ mi kan mú bí ọmọdé. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. A tún dúró kí ibẹ̀ jinná.

Nígbà tí Bímpé tún mú ìdérí náà jáde, mo ti mú ara mi le. Ó fi í síbẹ̀. Kẹ́hìndé mí sínú. Ó dúró. Ó wá mí síta, nǹkan kan sì dún nínú yàrá náà, ó há, ó kéré, bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. Kẹ́hìndé fi ìbẹ̀rù yíjú wẹ̀yìn. Ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún mí síta, ó tún dún. Ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu ara rẹ̀. Gàníyù, tí kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Tún un ṣe, Màmá mi. Jọ̀ọ́, tún un ṣe." Ó sì tún un ṣe.

Túùbù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ di òní. Àwọn dókítà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, wọn ò sì sọ ọjọ́. Ìdérí yẹn náà, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà á, kó tó di pé ó ń wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ kejì tí a ti ọ̀dọ̀ Bímpé dé ni mo pe Màámi lórí fídíò. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n kàn dúró ná. Mo fi ìdérí sí ẹnu túùbù Kẹ́hìndé, mo gbé fóònù síwájú rẹ̀, mo ní kó kí Màmá àgbà. Ó wo fóònù, ó pa ẹnu mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣe bí ewúrẹ́, mo ṣe bí mọ́tò. Kò dá mi lóhùn. Bisikíìtì ọwọ́ rẹ̀ ló gbájú mọ́. Màámi ń bèèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kí là ń dúró dè, mo sì ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Ìgbà náà ni Táyé kọjá, tó já bisikíìtì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kẹ́hìndé figbe ta. Igbe náà há, ó sì lágbára, ó gba gbogbo yàrá. Bí Táyé ṣe gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà á, òun náà bú sẹ́kún. Àwọn méjèèjì ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró sáàárín wọn, mi ò sì fẹ́ rẹ ìkankan lẹ́kún.

Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo wá gbọ́ tí Màámi fa imú. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọn ò ní kí n ṣàlàyé. Wọ́n tún ohùn wọn ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń tún un ṣe tí wọ́n bá fẹ́ parí ìjà ọmọdé nínú agbo ilé.

Wọ́n ní, "Táyé, dá bisikíìtì ẹ̀gbọ́n rẹ padà fún un."

Táyé wo fóònù, ó wò mí, ó sì dá a padà.